Jíà Tí O Fi Gun Òkè

Bí ọdún Àjíǹde tàbí Kérésìmesì bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹni tó bá wà ní Ìlárá-Mọ̀kín á rí i. Láti ìdájí ni àwọn àlejò ti ń kó ẹrù sí búùtù mọ́tò: báàgì aṣọ, iṣu, gààrí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n rà lẹ́bàá títì. Àwọn kan wá gbá gọ́ọ̀fù ní Smokin Hills. Àwọn mìíràn fi ìlú náà ṣe ibùsùn, wọ́n ń ti ibẹ̀ lọ wo àwọn òkè tó yí wa ká: Ìdànrè lónìí, Ìkéré lọ́la, omi tó ń já bọ́ ní Erin-Ìjẹ̀ṣà lọ́túnla. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń padà, ọkàn gbogbo wọn ti wà ní Èkó. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó ń dúró dè é lọ́nà ni dírẹ́bà ń rò. Àwọn ọmọ ti ń rojọ́ ilé-ìwé. Lójú tiwọn, ìsinmi ti parí. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn gan-an ni òkè ń dán ènìyàn wò, nítorí ọjọ́ yẹn ni à ń sọ̀ kalẹ̀.

Gígùn la mọ bí a ṣe ń múra sílẹ̀ fún. A ó gbé omi dání, a ó wọ bàtà tó dára, a ó rí i pé àwọn ọmọ jẹun yó. Bí mọ́tò bá ń gun òkè, gbogbo èrò inú rẹ̀ á dákẹ́, wọ́n á máa gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ké. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé téńté tán, tí ọkọ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín á bẹ̀rẹ̀, orin á dún. Kò sí ẹni tó ń fetí sí ọkọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó ń gun òkè kò lè ṣe wá ní ohun tó burú ju kó kú sójú ọ̀nà lọ. Èyí tó ń sọ̀ ni ó lè pa ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú òkè tí a ní ná. Ní sàkání Àkúrẹ́, àpáta kì í so mọ́ra wọn. Olósùnta dá dúró ní Ìkéré, Ìdànrè dá tirẹ̀ ró, àwọn ti Ìlárá náà yọ orí láàrin oko àti ilé. Nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni òkúta yíyọ́ ti ń tutù díẹ̀díẹ̀ nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, tó sì dì di àpáta tí à ń wò yìí. Ilẹ̀ àti òkúta mìíràn ló bò wọ́n mọ́lẹ̀ nígbà náà. Òjò àti oòrùn fi àìmọye ọdún wẹ èyí tó rọ̀ lọ, èyí tó le ló kù. Nítorí náà ni títì wa ṣe máa ń rí ẹsẹ̀ òkè gbà. Ènìyàn lè wakọ̀ láti Àkúrẹ́ dé Adó-Èkìtì, kí àpáta ńláńlá máa wò ó lọ́tùn-ún lósì, kó má sì gun ẹyọ kan nínú wọn.

Ẹfọ̀n-Alààyè ni kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè tó nà gbọọrọ ni tibẹ̀, láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wọ ilẹ̀ Èkìtì. Iyanrìn ayé ìgbà láéláé ni, tí ooru àti ìwúwo ilẹ̀ fún pọ̀ títí ó fi di òkúta líle. Ara òkè yìí ni Olúmirin ti ń já bọ́ ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, ní ìpele méje. Ara irú òkúta yìí kan náà ni omi gbígbóná Ìkọ́gòsì ti ń yọ: òjò gba ojú sísán àpáta wọlẹ̀, ó lọ jìnnà dé ibi tí ilẹ̀ ti gbóná, ó gba ibòmíràn yọ sókè ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì lọ pàdé odò tútù tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá lo ìsinmi ló fẹ́ wo ibi méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gba Ìwàràjà kọjá sí Ẹfọ̀n kò rí ẹsẹ̀ òkè kankan gbà. Dandan ni kó gùn ún, dandan sì ni kó sọ̀ ọ́.

Kí a tó kan mọ́tò, ara wa ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ́ wa. Ní Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni ènìyàn máa gùn kó tó dé ìlú àtijọ́ tó wà lórí àpáta. Nígbà gígùn, àyà á máa lù kìkìkì, òógùn á bo ojú. Bí a bá ti wo ààfin Ọ̀wá àti ilé ẹjọ́ àtijọ́ tán, tí a ti ki ẹsẹ̀ bọ ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn tí wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ ọmọdé àti àgbà mu, tí a wá kọjú sí ilé, èémí kì í ṣe wàhálà mọ́. Ó ku orúnkún. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹni tó bá sọ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn yẹn tó dúró sinmi: itan rẹ̀ á máa gbọ̀n fúnra rẹ̀, kódà bó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Iṣan iwájú itan ló ń ṣe bíréèkì fún wa. Bí a bá ń gun òkè, iṣan náà ń súnkì bó ti ń gbé wa. Bí a bá ń sọ̀, ńṣe ló ń nà lábẹ́ ẹrù, tó ń di ara mú kó má bàa já lulẹ̀. Nínà lábẹ́ ẹrù yìí ni ó máa ń ya iṣan wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́. Ìdí tó fi jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ yẹn kọ́ ni itan ń ro ni jù nìyẹn. Ó di ọ̀la àti ọ̀túnla, nígbà tí àlejò ti padà sẹ́nu iṣẹ́ tí kò lè jókòó sórí àga láìdi nǹkan mú. Á ní gígùn òkè ló ṣe òun báyìí. Sísọ̀ rẹ̀ ni.

Àwọn ará Ìdànrè mọ ìsọ̀kalẹ̀ ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n fi gbé orí àpáta yẹn kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ ní 1933 sí ibi tó wà lónìí. Láti 2007 ni orúkọ Òkè Ìdànrè ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń bẹ UNESCO pé kó kà mọ́ ogún gbogbo ayé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń mú àlejò káàkiri máa ń sọ bí àwọn baba ńlá ṣe gùn ún tí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ààbò. Èmi, ọdún 1933 yẹn ni mo máa ń rò. Arúgbó wà nínú wọn, aboyún wà níbẹ̀, ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Wọ́n ní ìkòkò, wọ́n ní odó, wọ́n ní ẹran ọ̀sìn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àpáta náà ni gbogbo rẹ̀ gbà délẹ̀.

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ tiwa níhìn-ín pàápàá, lẹ́bàá Ìsàrun, Ihò Eléérú wà, níbi tí Thurstan Shaw àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti wú egungun ènìyàn kan jáde ní 1965. Ó ti lé ní 11,000 ọdún tí wọ́n ti sin ẹni náà. Ẹsẹ̀ ènìyàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó máa tẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ wa. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ àlejò máa ń sun Ìlárá lọ́jọ́ tó pọ̀, wọn ò ní gbọ́ orúkọ ihò náà kí wọ́n tó lọ.

Ẹ wo ìyá tó gbé ẹrù wúwo lórí, tó ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bọ̀ láti oko. Kì í sáré. Á fa ara sẹ́yìn díẹ̀, á gé ìṣísẹ̀ kúrú, á tẹ ẹsẹ̀ kan mọ́lẹ̀ dáadáa kó tó gbé èkejì. Kò ní jẹ́ kí ẹrù yára láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí ẹrù bá ti lè yára tán, kò sí agbára tó máa dá a dúró mọ́. Ìṣísẹ̀ kúkúrú yẹn ni jíà kejì jẹ́ fún mọ́tò.

Bàbá kan ládùúgbò wa, tó fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ wa lọ́rì tó ń kó kòkó, ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní, "Ọmọ mi, jíà tí o fi gun òkè ni kí o fi sọ̀ ọ́."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ní jẹ epo jù? Fíríì ni ọ̀pọ̀ dírẹ́bà máa ń gbé e sí."

Ó ní, "Epo lò ń rò. Ẹ̀mí ni mò ń wí."

Ọ̀rọ̀ yẹn tó mi. Síbẹ̀, ẹni tó bá ṣì ń rò ó pé fíríì ń dá epo sí, kó gbọ́ èyí. Nínú ọkọ̀ òde òní tó ń lo kọ̀ǹpútà láti fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, bí jíà bá wọlé, tí ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, tí ọkọ̀ ń yí lọ nísọ̀kalẹ̀, kọ̀ǹpútà á ti epo pa pátápátá. Táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà náà. Bí o bá gbé e sí fíríì, ẹ́ńjìnnì kò rí ohun tó máa yí i mọ́, ó di dandan kó máa mu epo kó má bàa kú. Fíríì tí wọ́n fi ń wá èrè epo yẹn, òun gan-an ló ń jẹ epo.

Ìṣirò kan wà tó máa ń bà mí lẹ́rù. Bí ọkọ̀ tó wúwo tó 1,500 kílò bá sọ̀ kalẹ̀ láti ibi tó ga ní 300 mítà, agbára tó wà nínú ìsọ̀kalẹ̀ náà tó láti mú nǹkan bí lítà 14 omi ẹ̀rọ hó. Ibì kan ṣáá ni ooru yẹn máa lọ. Bí jíà bá wọlé, ẹ́ńjìnnì á gba apá tó pọ̀ nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì gbà lára rẹ̀. Bí ó bá wà ní fíríì, bíréèkì nìkan ni gbogbo rẹ̀ já lé: àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà nínú táyà àti páàdì tó ń fún wọn. Ẹ fi èrò márùn-ún àti àpò iṣu kún un.

Òórùn ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín, òórùn nǹkan jíjó tó ń ta ni nímú tí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ rí kò ní gbàgbé. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ́ tẹ bíréèkì, kò ní mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ooru bá wá dé inú bíréèkì ọ́ìlì, ọ̀rọ̀ burú. Bíréèkì ọ́ìlì tuntun tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì náà máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ tiwa. Èyí tó ti pẹ́ nínú ọkọ̀ lè hó ní 140. Bó bá hó, ó di afẹ́fẹ́ nínú páìpù. Ọ́ìlì kì í fún pọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ wa fi ń dé táyà. Afẹ́fẹ́ máa ń fún pọ̀. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì nígbà náà, á lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀, kò ní sí ohun tó dì í mú. Ohun tí àwọn dírẹ́bà ń pè ní "bíréèkì já" nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó já níbẹ̀.

Ìlú tí Olóyè Michael Adé Òjó ti jáde wá ni Ìlárá, ẹni tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ mọ́ títa Toyota, tó sì dá Elizade University sílẹ̀ síbí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń wọ ìlú yìí ni kò ní kílọ́ọ̀ṣì, fúnra wọn ni wọ́n ń pààrọ̀ jíà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni wọ́n kò sì tẹ ọ̀pá jíà kọjá D rí. Àwọn àmì tó wà nísàlẹ̀ D, 3 àti 2 àti L, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ti ìsọ̀kalẹ̀ ni wọ́n.

Gbogbo èyí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ń kà nípa ọ̀nà orí òkè àwọn ibòmíràn. Àwọn òkè Alps ti Yúróòpù kéré sí tiwa lọ́jọ́ orí. Ìgbà tí tiwa ti dá dúró ní àpáta ni tiwọn kò tí ì sí rárá, wọ́n sì ń ga sí i títí dòní. Nítorí pé wọ́n kò tí ì jẹ tán, òkè so mọ́ òkè níbẹ̀, kò sí ẹsẹ̀ tí títì lè gbà. Ní Ítálì, ọ̀nà Stelvio gòkè dé 2,757 mítà, ìyẹn bí ìlọ́po mẹ́ta ibi tó ga jù ní Ìdànrè. Carlo Donegani ló darí iṣẹ́ náà láàrin 1820 sí 1825, nígbà tí ọba Áóstríà ń ṣàkóso ibẹ̀. Kọ́nà 48 ló wà ní apá kan òkè náà, tí ọ̀nà á yí padà pátápátá sí ibi tó ti ń bọ̀. Ẹni tó bá ti gba Ẹfọ̀n sọ̀ rí ti mọ ohun tó wà ní kọ́nà kìíní níbẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni bó ṣe máa rí bí ẹsẹ̀ bá ti wà lórí bíréèkì láti kọ́nà kìíní títí dé ìkejìdínláàádọ́ta.

Ní Áfíríkà tiwa náà, Lesotho àti Gúúsù Áfíríkà ní ọ̀nà Sani, tó ga dé 2,876 mítà. Ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà nìkan ni àwọn aṣọ́bodè Gúúsù Áfíríkà ń jẹ́ kó gùn ún. Ní ilẹ̀ wa, òkè Ọ̀búdú ní Cross River ga dé nǹkan bí 1,576 mítà, ní 2005 ni wọ́n sì ṣe ọkọ̀ tó ń rìn lórí wáyà síbẹ̀ fún ẹni tí kò bá fẹ́ fi mọ́tò sọ̀.

Ọ̀búdú yìí ni mo gba àwọn ọmọdé nímọ̀ràn pé kí wọ́n ti wo ohun kan. Kí wọ́n mu omi inú ìgò oníke tán lórí òkè, kí wọ́n dé e le, kí wọ́n jù ú sórí ìjókòó. Bí ọkọ̀ bá fi máa dé ìsàlẹ̀, ìgò náà á ti fún wọnú, bí ẹni pé ẹnìkan fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn án. Afẹ́fẹ́ orí òkè tó wà nínú rẹ̀ fúyẹ́, tìsàlẹ̀ wúwo, tìsàlẹ̀ ló ń tì í wọlé. Ohun kan náà ló ń dí wa létí bí a bá ń sọ̀. Bí a bá gbé itọ́ mì, etí á là. Ọmọ ọwọ́ kò mọ ìyẹn, ẹkún ló máa sun, nítorí náà kí ìyá rẹ̀ fún un lọ́mú nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀, kó má jẹ́ kó sùn.

Òfin àwọn ará Switzerland wù mí púpọ̀. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé lójú ọ̀nà tóóró lórí òkè, ẹni tó ń sọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró. Bí wọn kò bá lè kọjá, òun ló sábà máa ń fi rìfáàsì padà, nítorí ó ṣòro fún ẹni tó ń gùn láti dúró kó tún gbéra. Ní àwọn ọ̀nà òkè kan níbẹ̀, ọ̀dọ̀ dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ni àṣẹ wà. Bó bá juwọ́ pé kí o sún sẹ́yìn, o gbọ́dọ̀ sún. Bọ́ọ̀sì yìí ní họ́ọ̀nù olóhùn mẹ́ta tó máa ń fọn kó tó wọ kọ́nà, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ ọ́n. Nílé níbí, ọkọ̀ tó bá tóbi jù tàbí tó bá ń sáré jù ló sábà máa ń kọ́kọ́ kọjá, ìyẹn ni pé ẹni tó ń sọ̀ là ń yà fún. Họ́ọ̀nù tiwa pọ̀ ju tiwọn lọ fíìfíì. Ohun tó kù ni pé kí á fẹnu kò lórí ohun tó ń sọ.

Ṣùgbọ́n Colorado ní Amẹ́ríkà ni mo rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe títì wa lọ wò. Ọ̀nà I-70 gba abẹ́ òkè kọjá níbẹ̀ níbi tó ga tó nǹkan bí 3,400 mítà, lẹ́yìn náà ló ń sọ̀ lọ sí Denver. Wọ́n lanà àbùjá sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ jìnwìnnì sínú rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó gòkè. Tírélà tí bíréèkì rẹ̀ kò bá mú mọ́ á yà sínú rẹ̀, òkúta á gbé táyà mì, ọkọ̀ á dúró. Èyí wúlò púpọ̀, owó sì ni. Ohun tó wọ̀ mí lára jù níbẹ̀ kò wọ́n rárá. Bí ọ̀nà náà bá ń sọ̀, ó máa ń dé ibi tó ti dà bí ẹni pé ó ti tẹ́jú, tí dírẹ́bà á fi rò pé òun ti délẹ̀, tí á sì tú jíà sílẹ̀. Ibẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n gbé pátákó sí tó ń sọ fún àwọn tó ń wa tírélà pé kí wọ́n má tan ara wọn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣì kù níwájú.

Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n fún láyè lójú ọ̀nà Ẹfọ̀n sí Ìwàràjà, pátákó méjì péré ni mo máa rì mọ́lẹ̀, kì í ṣe ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe pẹ̀lú fọ́tò gómìnà. Èkíní á wà ní téńté, kí ọkọ̀ tó kọjú sí ìsàlẹ̀: JÍÀ KEJÌ. MÁ LO FÍRÍÌ. Èkejì á wà nísàlẹ̀ díẹ̀, níbi tí ọ̀nà ti ń ṣe bí ẹni pé ó ti tẹ́jú, lẹ́tà rẹ̀ á tóbi tó kí ẹni tó ń kó ìdílé rẹ̀ padà sí Èkó lè kà á láti òkèèrè, kódà bí orin bá ń dún nínú ọkọ̀: O KÒ TÍ Ì DÉLẸ̀.